Tírọ́ọ̀kì Four-Wheel Drive Tó Ń Gbọ̀n: Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ Ibi Tí Àrùn Wà

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo gbé wá lónìí. Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ o, tírọ́ọ̀kì four-wheel drive ni, èyí tó ń gbọ̀n lójú títì, tí wọ́n tún un ṣe títí tí kò gbọ́.

Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni mò ń ṣe níbí, ní apá Southwest Houston. Nínú gbogbo ẹjọ́ tí wọ́n ń gbé wá fún mi, ẹjọ́ gbígbọ̀n wà lára èyí tó ń jẹ àwọn èèyàn wa lówó jù. Ẹnì kan á ra táyà mẹ́rin tuntun, kò ní lọ. Á pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kù, kò ní lọ. Wọ́n á sọ fún un pé gíábọ́ọ̀sì ni, á tún náwó, ọkọ̀ á ṣì máa gbọ̀n. Àwọn àgbà ní gbogbo alángbá ló da inú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni abẹ́ tírọ́ọ̀kì rí. Ohun tó ń yí níbẹ̀ pọ̀, ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn sì lè máa dààmú yín.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ má ra nǹkankan títí ẹ ó fi mọ ohun tí gbígbọ̀n náà ń tẹ̀ lé. Ṣé eré ọkọ̀ ló ń tẹ̀ lé, àbí eré ẹ́ńjìnnì, àbí bí ẹ ṣe ń tẹ iná? Ẹni tó bá dáhùn ìbéèrè yìí ti mọ ìlàjì ibi tí àrùn wà, kò sì tíì ná kọ́bọ̀.

KÍ LÓ DÉ TÍ KÒ FI YẸ KÁ FOJÚ FÒ Ó?

Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Irin gígùn tó ń gbé agbára láti gíábọ́ọ̀sì lọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀ lè já bí a bá pa á tì. Bí ó bá já níwájú, ó lè ki orí bọ kọnkéré. Bí ó bá já lẹ́yìn, á máa na abẹ́ ọkọ̀ bíi kùmọ̀, níbi tí páìpù bíréèkì àti táǹkì epo wà. Lórí I-10, níbi tí gbogbo èèyàn ti ń sáré máìlì 70, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ṣeré.

Èkejì, ojú ìjọba ti kúrò lára ọkọ̀ wa. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kínní ọdún 2025, Texas ti fagi lé àyẹ̀wò ààbò ọdọọdún fún ọkọ̀ tí kì í ṣe ti òwò. Àyẹ̀wò yẹn ló máa ń wo táyà, bíréèkì, sítíárìn àti iná. Àyẹ̀wò èéfín ṣì wà fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ní Harris, Fort Bend àti àwọn county kan tó yí wa ká, ṣùgbọ́n èéfín ni tiwọn, wọn ò ní wo abẹ́ ọkọ̀ bá yín. Ojú ẹ̀yin tí ẹ ni ín ló kù.

Ẹ̀kẹta, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń lo tírọ́ọ̀kì fún ọdún méjì mẹ́ta níbí, tí a ó wá fi ránṣẹ́ sí Èkó. Ohun tí ẹ lè tún ṣe níbí pẹ̀lú owó táṣẹ́rẹ́, ó lè di kí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín máa rìn kiri Ládípò ní Mushin, kó máa wá irú irin tí kò bá tirẹ̀ mu.

Ẹ má sì rò pé ọkọ̀ àtijọ́ nìkan ni o. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, Ford pe F-150 tó lé ní 180,000 padà ní Amẹ́ríkà. Crew Cab four-wheel drive ni wọ́n, àwọn tí irin ẹ̀yìn wọn jẹ́ aluminium. Ohun tí wọ́n rí ni pé pákó fẹ́lẹ́ tó ń gba ooru àti ariwo lábẹ́ ọkọ̀ lè tú, kó wá máa kan irin tó ń yí náà. Á máa họ ọ́ díẹ̀díẹ̀ títí irin á fi kán. Ariwo àti kíkan gbì-gbì lábẹ́ ọkọ̀ ni àmì tó máa ń kọ́kọ́ yọ. Nítorí náà, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ mú nọ́ńbà VIN yín, ohun kikọ 17 tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí nhtsa.gov/recalls. Bí wọ́n bá ń pe ọkọ̀ yín padà, ọ̀fẹ́ ni wọ́n máa tún un ṣe.

ORÚKỌ ÀWỌN OHUN TÓ WÀ LÁBẸ́ Ọ̀HÚN

Irin gígùn tí à ń sọ yìí, propeller ni àwọn mẹkáníìkì ń pè é nílé. Níbí, driveshaft ni wọ́n ń pè é. Tírọ́ọ̀kì four-wheel drive ní méjì: ọ̀kan lọ sẹ́yìn, ọ̀kan lọ síwájú. Àpótí tó pín agbára fún àwọn méjèèjì ni transfer case, ẹ̀yìn gíábọ́ọ̀sì ló wà. Bí tírọ́ọ̀kì bá gùn, propeller ẹ̀yìn lè jẹ́ alápá méjì, bẹ́ríìnì kan á sì wà láàárín tó gbé e rọ̀ sínú rọ́bà.

Ní orí propeller kọ̀ọ̀kan ni cross joint wà, èyí tí wọ́n ń pè ní U-joint níbí. Ó rí bí àgbélébùú kékeré, ó sì ní bẹ́ríìnì wẹ́wẹ́ bí abẹ́rẹ́ ní ẹnu rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Òun ló jẹ́ kí irin lè máa yí bó tilẹ̀ dàgẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ohun tuntun rárá. Orúkọ Cardano, ará Italy ti nǹkan bí ọdún 1500 sí 1600, ni wọ́n fi ń pè é ní ọ̀pọ̀ ìlú. Robert Hooke ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ní England ní ọgọ́rùn-ún ọdún tó tẹ̀ lé e. Clarence Spicer ló gba ìwé àṣẹ fún èyí tó wà fún mọ́tò ní ọdún 1903, ní Amẹ́ríkà níbí.

Ẹ fetí sí àṣírí cross joint, nítorí ibẹ̀ ni ìdààmú pọ̀ sí. Bí ó bá dàgẹ̀rẹ̀, kì í yí irin dọ́gba. Nínú ìyípo kan, á yá lẹ́ẹ̀mejì, á falẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Cross joint tó wà ní orí kejì ló ń tún un ṣe: nígbà tí ti iwájú bá yá, ti ẹ̀yìn á falẹ̀, wọ́n á pa ara wọn rẹ́. Ó dà bí àwọn méjì tó ń gún iyán nínú odó kan. Bí wọ́n bá mọ àsìkò ara wọn, iyán á kúnná. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, ọmọ odó á kọlu ọmọ odó. Kí wọ́n tó lè bára mu, ìdàgẹ̀rẹ̀ wọn méjèèjì ní láti dọ́gba, ojú wọn sì ní láti kọ síbì kan náà.

ÌGBÉSẸ̀ KÌÍNÍ: Ẹ RÁNTÍ ÌGBÀ TÓ BẸ̀RẸ̀

Ẹ mú bébà. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Kí lẹ ṣe sí ọkọ̀ náà ní ọ̀sẹ̀ yẹn? Ṣé táyà tuntun ni? Ṣé ẹnì kan sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀? Ṣé ẹ gbé ọkọ̀ sókè, bí àwọn ọ̀dọ́ wa ṣe fẹ́ràn láti máa ṣe? Ṣé ẹ gba inú omi kọjá?

Ẹ má fojú kéré ìbéèrè omi yẹn ní Houston. Lẹ́yìn Harvey ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017, ọkọ̀ tí omi bò kò níye, púpọ̀ nínú wọn ló sì tún padà sọ́jà. Bí áàsù ẹ̀yìn tó gbóná bá wọ inú omi tútù, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á sún kì, á sì fa omi wọlé. Ọ́ìlì gíà á wá funfun bí ẹ̀kọ mímu, bẹ́ríìnì á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Bí ẹ bá ra ọkọ̀ tí ẹ ò mọ ìtàn rẹ̀, ẹ tú ọ́ìlì áàsù méjèèjì àti ti transfer case wò.

ÌGBÉSẸ̀ KEJÌ: Ẹ GBÉ E JÁDE LỌ SÓJÚ TÍTÌ

Ẹ wá ọ̀nà tó tẹ́jú, ní àárọ̀ kùtù ọjọ́ Sunday nígbà tí ọkọ̀ kò pọ̀. Ọ̀pọ̀ freeway wa níbí jẹ́ kọnkéré tí wọ́n dà ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, ojú oríkèé rẹ̀ á máa dún gbì-gbì lábẹ́ táyà. Nítorí náà, ẹ gba orí ọ̀dà náà pẹ̀lú, kí ẹ má lọ máa wo ọkọ̀ sàn nígbà tó jẹ́ pé títì ló ń ṣàìsàn. Ẹ mú ẹnì kan dání tó máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó ń wakọ̀ kò gbọdọ̀ máa kọ̀wé.

Ìdánwò mẹ́rin ni ẹ máa ṣe:

1. Ẹ rọra pọ̀ ọ́n sí i láti máìlì 20 dé 70. Ẹ kọ eré tó ti bẹ̀rẹ̀, eré tó ti le jù, àti eré tó ti lọ bí ó bá lọ.

2. Ní eré tó ti le jù yẹn, ẹ yí gíà sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ kan kí ẹ́ńjìnnì lè yára sí i, ṣùgbọ́n kí eré ọkọ̀ má yí padà. Bí gbígbọ̀n bá yí padà, ẹ́ńjìnnì ni ó ń tẹ̀ lé. Ẹ wo rọ́bà ìjókòó ẹ́ńjìnnì, ẹ wo bí iná ṣe ń bù ú. Bí kò bá yí padà rárá, ẹ́ńjìnnì ti bọ́ lọ́wọ́ ẹjọ́.

3. Bí ọ̀nà bá ṣófo, ẹ fi gíà sí free, tí wọ́n ń pè ní neutral níbí, kí ọkọ̀ máa yọ́ lọ. Ẹ má pa ẹ́ńjìnnì o, nítorí sítíárìn àti bíréèkì á le koko. Bí ó bá ṣì ń gbọ̀n bákan náà, ẹ wo táyà, rímù, họ́ọ̀bù, tàbí propeller tí ìwọ̀n rẹ̀ kò dọ́gba.

4. Ẹ tẹ iná dáadáa, lẹ́yìn náà ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀. Èyí tó ń gbọ̀n nígbà tí ẹ tẹ iná, tó sì sinmi nígbà tí ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀, ẹ lọ wo cross joint, ìdàgẹ̀rẹ̀ propeller, àti bẹ́ríìnì ẹnu áàsù. Èyí tó ń mì jìgìjìgì nígbà tí ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra, láti 0 sí 25, bẹ́ríìnì àárín tàbí ìdàgẹ̀rẹ̀ ni ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Ẹ tún wo ibi tó ti ń kàn yín lára. Bí sítíárìn bá ń gbọ̀n lọ́wọ́ yín, táyà iwájú ló sábà máa ń jẹ́. Bí ìdí yín lórí àga àti ilẹ̀ ọkọ̀ bá ń gbọ̀n, ẹ̀yìn ni. Bí sítíárìn bá jà fìrìfìrì lójijì lẹ́yìn tí ẹ gba kòtò, tí gbogbo iwájú ọkọ̀ ń jó títí ẹ fi dúró, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ propeller. Àwọn irin ìdarí àti oríkèé iwájú ni kí ẹ lọ yẹ̀ wò.

ÌGBÉSẸ̀ KẸTA: Ẹ KA ÌLÙ RẸ̀

Ìṣirò kékeré kan wà tó máa ń là mí lójú. Táyà tó ga ní 31 inches máa yí nǹkan bí ìgbà 650 nínú máìlì kan. Ní eré máìlì 60, máìlì kan ni ẹ ń rìn ní ìṣẹ́jú kan, nítorí náà táyà ń yí ìgbà 650 ní ìṣẹ́jú. Ẹ fi 60 pín in, ó di bí ìgbà 11 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Propeller máa ń yára ju táyà lọ. Bí ìwọ̀n áàsù yín bá jẹ́ 3.73, propeller á yí ìgbà 3.73 kí táyà tó yí ẹ̀ẹ̀kan. Ní eré 60 kan náà, ìyẹn jẹ́ bí ìgbà 2,425 ní ìṣẹ́jú, tàbí ìgbà 40 ní ìṣẹ́jú-àáyá. Bí ìdàgẹ̀rẹ̀ cross joint bá burú, á ṣe é lẹ́ẹ̀mejì nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan, á di ìgbà 80.

Ẹ ò nílò ẹ̀rọ ńlá láti mọ ìyàtọ̀. Ìgbà 11 ní ìṣẹ́jú-àáyá, ojú ń rí i: dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ á máa mì, kọfí inú kọ́ọ̀pù á máa jó, ìdí á máa mì bí ẹni tí ìyá ń jọ èlùbọ́ nítòsí rẹ̀. Ìgbà 40 sí 80, ojú kò rí i mọ́. Á máa kùn bí oyin inú akèrègbè, ẹsẹ̀ yín á máa ta jìnnìjìnnì lórí ilẹ̀ ọkọ̀, etí á sì máa gbọ́ ohùn rẹ̀. Ohun èlò wà lórí fóònù báyìí tó lè ka iye ìgbà tí nǹkan ń gbọ̀n. Ẹ gbé fóònù lé ilẹ̀ ọkọ̀, kí ẹni kejì kà á. Bí ó bá sọ 11, ẹ lọ wo táyà. Bí ó bá sọ 40, ẹ fi táyà sílẹ̀, propeller ni.

ÌGBÉSẸ̀ KẸRIN: TÁYÀ Ń BẸ NÍWÁJÚ

Bí ìlù bá jẹ́ ti táyà, ẹ má fò ó. Òun ló sábà máa ń jẹ̀bi, òun náà ló sì rọrùn jù láti wò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo ìwọ̀n rẹ̀, kí wọ́n sì wo bóyá rímù ti tẹ̀. Ẹ fọ ẹrẹ̀ inú rímù dànù. Ẹ gbé ti iwájú lọ sẹ́yìn: bí gbígbọ̀n bá ṣí lọ pẹ̀lú rẹ̀, olè ti bọ́ sọ́wọ́.

Ẹ wo ọjọ́ orí táyà pẹ̀lú. Lẹ́yìn lẹ́tà DOT ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ máa rí nọ́ńbà mẹ́rin ní ìparí. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2019. Oòrùn Texas kì í ṣàánú rọ́bà.

Fún four-wheel drive, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí méjì bá tuntun tí méjì sì ti jẹ tán, iwájú àti ẹ̀yìn á máa yí ní eré ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó bá ń lo 4H ti part-time lórí ọ̀nà gbígbẹ. Kò sí ohun tó máa pín ìyàtọ̀ láàárín iwájú àti ẹ̀yìn, gbogbo irin á fún pọ̀, ọkọ̀ á máa fò kọ́ṣọ́kọ́ṣọ́ nígbà tí ẹ bá ń yí kọ́nà. Ilẹ̀ ẹrẹ̀, iyanrìn àti ojú ọ̀nà tó ń yọ̀ ni 4H wà fún.

ÌGBÉSẸ̀ KARÙN-ÚN: Ẹ YA IWÁJÚ KÚRÒ LÁRA Ẹ̀YÌN

Ohun tó jẹ́ kí four-wheel drive ṣòro ni pé propeller méjì ló ní, àwọn méjèèjì sì lè máa yí nígbà kan náà. Nínú ọ̀pọ̀ tírọ́ọ̀kì, ti iwájú ń yí bí ẹ bá tilẹ̀ wà ní 2H, nítorí táyà iwájú ló ń yí i.

Bí ọkọ̀ yín bá jẹ́ part-time, tí ó sì wà ní 2H, mẹkáníìkì lè tú propeller iwájú kúrò, kí ẹ tún gbé ọkọ̀ jáde. Bí gbígbọ̀n bá lọ, iwájú ni àrùn wà. Bí ó bá ṣì wà, ẹ̀yìn ni. Nǹkan bí wákàtí kan ni iṣẹ́ yìí, ó sì ń pín ìṣòro sí méjì. Kí ẹ tó tú u, ẹ fi kùn sàmì sí ibi tí irin ti kan irin, kí ẹ lè dá a padà bó ṣe wà. Bí ọkọ̀ bá jẹ́ èyí tí four-wheel rẹ̀ kì í sinmi, tàbí tó ń yí ara rẹ̀ padà, ẹ ka ìwé ọkọ̀ kọ́kọ́. Ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀.

ÌGBÉSẸ̀ KẸFÀ: Ẹ WỌ ABẸ́ RẸ̀

Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí o. Jáàkì nìkan kò tó. Ẹ gbé ọkọ̀ lé ìjókòó irin tó lágbára, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ fi nǹkan há táyà tó wà nílẹ̀. Kí ẹ́ńjìnnì wà ní pípa. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ ọkọ̀ tí propeller rẹ̀ ń yí.

Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di ìhà cross joint, ẹ lọ́ ọ, ẹ sì gbé e sókè sódò. Bí ó bá mì, ó ti jẹ. Bí ẹ bá rí èéfín pupa bí iyẹ̀ ìbúùlẹ̀ osùn létí ìdérí rẹ̀, gíríìsì ti tán, bẹ́ríìnì ti dógùn-ún. Ẹ sì mọ̀ pé èyí tó bá le, tí kò fẹ́ tẹ̀ sí apá kan, burú bí èyí tó ń mì. Ìyẹn kò ní fi ara hàn títí wọ́n á fi sọ propeller kalẹ̀, tí wọ́n á fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́.

Ẹ nu propeller láti orí dé ìdí. Ṣé òkúta ti lù ú kó? Ṣé ẹrẹ̀ tàbí ọ̀dà lẹ̀ mọ́ ọn? Ṣé ẹ rí ojú ibi tí irin kékeré tí wọ́n fi tún ìwọ̀n ṣe ti já bọ́? Ẹ wo rọ́bà bẹ́ríìnì àárín bóyá ó ti ya. Ẹ wo nọ́ọ̀tì gbogbo. Ẹ wo rọ́bà ìjókòó gíábọ́ọ̀sì. Ẹ wo ẹnu áàsù bóyá ó ń jo ọ́ìlì.

ÌGBÉSẸ̀ KEJE: Ẹ WỌN ÌDÀGẸ̀RẸ̀

Ohun tí wọ́n fi ń wọn ìdàgẹ̀rẹ̀ kò wọ́n ní ọjà, fóònù pàápàá lè ṣe é. Kí ọkọ̀ dúró lórí táyà rẹ̀ bó ṣe máa ń dúró, kì í ṣe kí ẹsẹ̀ máa fì lófuurufú. Ẹ wọn ẹnu transfer case, ẹ wọn propeller, ẹ wọn ẹnu áàsù. Ìyàtọ̀ láàárín irin kan àti èkejì ni ìdàgẹ̀rẹ̀ cross joint tó wà láàárín wọn. Fún propeller tó ní cross joint kan ní orí kọ̀ọ̀kan, ó dára kí àwọn méjèèjì wà ní 3 dígírì tàbí kó dín sí i, kí ìyàtọ̀ láàárín wọn má sì ju 1 dígírì lọ. Kò sì gbọdọ̀ jẹ́ òdo pátápátá, nítorí bẹ́ríìnì abẹ́rẹ́ yẹn nílò láti máa yí díẹ̀, kó má bàa jẹ ojú kan ṣoṣo. Propeller iwájú tó ní cross joint méjì pọ̀ ní orí kan ní òfin tirẹ̀: ẹnu áàsù ní láti kọjú tààrà sí transfer case.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ ìyá kan ṣàpẹẹrẹ. Oúnjẹ ayẹyẹ ló ń sè, tírélà ìdáná ló sì ń fi tírọ́ọ̀kì rẹ̀ fà kiri ní ìparí ọ̀sẹ̀. Ó ti ra táyà lẹ́ẹ̀mejì kó tó dé ọ̀dọ̀ mi.

“Bọ̀dá,” ó ní, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé táyà ni o.”

“Rárá, Mà. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé e jáde ná.”

Láti máìlì 45 ló ti ń kùn bí oyin. Bí a bá tẹ iná, ó le. Bí a bá jọ̀wọ́ rẹ̀, ó rọlẹ̀. Bí tírélà bá wà lẹ́yìn, ó tún burú sí i. A tú propeller iwájú, kò lọ. Ẹ̀yìn nìyẹn. Mo wọ̀n ọ́n: ẹnu transfer case dà sísàlẹ̀ ní 4 dígírì, ẹnu áàsù dà sókè ní 8. Ẹni tó ni ọkọ̀ náà tẹ́lẹ̀ ló gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, kò sì tún ìdàgẹ̀rẹ̀ ṣe. Bí ìyá bá sì tẹ iná, agbára á tún máa ti ẹnu áàsù sókè sí i, ìdí nìyẹn tí tírélà fi ń mú un le. A fi irin onígun 4 dígírì sáàárín síprín àti áàsù, ẹnu méjèèjì dọ́gba, a pààrọ̀ cross joint méjì tí ìyà ti jẹ. Ó ti parí. Gbogbo ohun tí a rà kò tó owó táyà kan nínú mẹ́jọ tó ti rà.

BÍ GBOGBO RẸ̀ BÁ DÁRA ŃKỌ́?

Bí cross joint bá dára, tí ìdàgẹ̀rẹ̀ dọ́gba, tí ìlù rẹ̀ ṣì jẹ́ ti propeller lẹ́ẹ̀kan nínú ìyípo, ìwọ̀n propeller ló kù. Àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń tún propeller nìkan ṣe wà ní Houston, wọ́n á gbé e sórí ẹ̀rọ, wọ́n á sì wo bóyá ó ti tẹ̀. Kí mẹkáníìkì tó tú u, kó sàmì sí i. Propeller alápá méjì tí wọ́n bá fi wọ ara rẹ̀ ní ojú tí kò yẹ, á gbọ̀n bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ohun tó bàjẹ́ lára rẹ̀.

BÍ Ẹ Ṣe MÁA BÁ MẸKÁNÍÌKÌ SỌ̀RỌ̀

Ẹ má lọ sọ pé “ọkọ̀ mi ń gbọ̀n” nìkan. Ẹ gbé bébà yín kalẹ̀: eré tó ti bẹ̀rẹ̀, eré ẹ́ńjìnnì nígbà náà, gíà tó wà, 2H tàbí 4H, nígbà tí ẹ tẹ iná tàbí tí ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀, ohun tí ẹ ti pààrọ̀. Ẹ ní kó bá yín jáde lọ sójú títì kó tó fọwọ́ kan nǹkan. Ẹni tó bá sọ fún yín pé gíábọ́ọ̀sì ni láì tíì wa ọkọ̀ náà, ẹ bi í léèrè ohun tó rí. Ẹ sì ní kó kó irin tó tú fún yín kí ẹ fojú rí i. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá.

Bí gbígbọ̀n bá le sí i lójijì, tí ẹ gbọ́ gbàgà lábẹ́ ọkọ̀, tí ẹ gbóòórùn ọ́ìlì tó ń jó, tàbí tí ẹ rí ọ́ìlì nílẹ̀, ẹ má wá ilé dé. Ẹ rọra bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ẹ tan iná ìkìlọ̀, ẹ fa bíréèkì ọwọ́, nítorí bí propeller bá ti já, Park nìkan lè má di ọkọ̀ náà mú. Ẹ pe ọkọ̀ tó ń fa ọkọ̀. Owó rẹ̀ kò tó ohun tí ẹ̀mí yín tó.

Bí a bá fi ẹ̀sọ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó kọ ọ́ ránṣẹ́, kó má gbàgbé láti kọ eré ọkọ̀ àti gíà tó wà sí i. Ẹ máa wakọ̀ jẹ́jẹ́ o. Ó dìgbà kan ná.